Èmi Ni Mo Yí Òṣùwọ̀n Náà

Ẹ ò lè bú mi ju bí àwọn obìnrin ọjà Ìsíkàn ṣe bú mi lọ, nítorí náà ẹ̀rù yín kò bà mí. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

Wúràọlá ni orúkọ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àkúrẹ́, Ọ̀bà-Ilé ni mo ń gbé, Oǹdó ni wọ́n ti bí mi. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kílò mọ́kànlélọ́gọ́fà ni mo wọ̀n. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa, màá dúró lágbedeméjì, màá máa tú báàgì mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n má baà mọ̀ pé èémí ni mò ń wá. Lọ́jọ́ kan dókítà wo ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ dín ara yìí kù, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún yín."

Mo dín in kù. Oṣù mẹ́rìndínlógún ló gbà mí. Mò ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, mò ń jẹ ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́, iyán di ohun tí mò ń rí lójú àlá. Nígbà tí mo dé kílò mọ́kànlélọ́gọ́rin, àwọn tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ ń kọjá lára mi láìkí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní àṣírí. Bí a ṣe dá Ẹgbẹ́ Ara Fúyẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, àwa mẹ́tàlélógún, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo ra òṣùwọ̀n kan. Kì í ṣe oníbátìrì. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ pupa lábẹ́ gíláàsì ni, kínní kékeré kan bí ìdérí ìgò sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí èèyàn fi ń yí abẹ́rẹ́ náà padà sí òdo bó bá ṣáko.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: adarí ni yóò kọ́kọ́ gorí òṣùwọ̀n. Ọpẹ́olúwa, ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ìṣirò, tó sì jẹ́ akọ̀wé wa, á pariwo iye tí mo wọ̀n, àwọn tó kù á wá tẹ̀ lé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo ṣe òfin náà, mo sì fi ń ṣe fọ́ńté.

Nínú wọn ni Ìyá Kàbírù wà. Àbíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ìsíkàn. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan lọ́jà máa ń fi òòlù lu ìdí kòǹgò wọn wọnú kí ìrẹsì tó máa gbà lè dín. Ti Ìyá Kàbírù tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá wọn ọjà fún yín tán, á yí ìdí kòǹgò náà sókè kí ẹ fojú ara yín rí i. Ó jù mí lọ ní ọdún méjìlá, síbẹ̀ "Olùkọ́ mi" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ìdodo rẹ̀ ló yọ síta. Ìfun ń gba ibẹ̀ jáde. Dókítà sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni, ṣùgbọ́n òun ò ní kùn ún lóorun àfi bó bá wọ̀n kílò àádọ́rùn-ún tàbí kó dín. Kílò mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ló wọ̀n lọ́jọ́ tó wá bá wa.

"Tí ìfun yẹn bá há síbẹ̀," ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà, "wọ́n ní èèyàn lè gba ibẹ̀ lọ. Ọwọ́ yín ni mo wà, Olùkọ́ mi."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rèé. Nígbà tí mò ń dín kù, gbogbo ènìyàn ló ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mò ń lọ, tí mo wá dúró síbẹ̀, àtẹ́wọ́ náà parí. Ọpẹ́olúwa á pariwo, "Mọ́kànlélọ́gọ́rin!" Ọ̀sẹ̀ kejì, mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mọ́kànlélọ́gọ́rin. Àwọn obìnrin ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ aṣọ. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dúró sójú kan? Ebi tó wà lára mi kò sì mọ̀ pé a ti parí iṣẹ́. Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ lálẹ́, ó ń dúró dè mí.

Oǹdó ni mo ti ṣubú.

Mo lọ kí ìyá mi ní ọjọ́ Àìkú kan. Màmá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Ọma mi, wọ́n ti ń bi mí ládùúgbò."

"Kí ni wọ́n ń bi yín, Màmá?"

"Wọ́n ní irú àìsàn wo ló ń ṣe ọ́. Ìyá kan tiẹ̀ bi mí bóyá ọkọ rẹ ti lé ọ jáde ni."

Kí n tó dáhùn, ó ti gbé àwo síwájú mi. Òun fúnra rẹ̀ ló gún un. Iyán funfun, ó ń yọ èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹja àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fa àpótí, ó jókòó ní ọ̀kánkán mi.

"Màmá, n kì í jẹ ẹ́ mọ́."

"Uyán?" Bí ìyá mi ṣe ń pe iyán nìyẹn, kì í sọ Yorùbá ìwé. "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, ìwọ ní o kì í jẹ uyán mọ́? Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀, Wúrà. Gbogbo àwọn tó ń kọjá yìí ló ń wò ó. Bí o bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní òótọ́ làwọn ń sọ."

Mo ní òkèlè kan ni màá jẹ. Ta ni mò ń tàn? Mo fi ìka nu ìdí àwo. Màmá ń wò mí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Àìkú kan kò yẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, mo fi Ọjọ́rú kún un. Mo sọ fún ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì pé ara ìyá mi kò yá. Ìyá tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi náà, ó sì ń gbàdúrà fún un. Àwọn ará Oǹdó kò mọ Ẹgbẹ́ Ara Fúyẹ́, àwọn ará Àkúrẹ́ kò mọ iyán Màmá. Ìrìn wákàtí kan péré ló wà láàárín obìnrin méjèèjì tí mo jẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, kí àwọn ẹgbẹ́ tó dé, mo gorí òṣùwọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo bọ́ yẹtí, mo bọ́ aago ọwọ́, mo tún un gùn. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Mo ronú ohùn Ọpẹ́olúwa tó máa pariwo rẹ̀. Mo ronú ojú àwọn obìnrin náà. Mo yí òṣùwọ̀n dojú dé, mo fi àtàǹpàkò yí kínní ìsàlẹ̀ yẹn díẹ̀. Abẹ́rẹ́ sún sẹ́yìn kílò méjì. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá ti dín in kù, màá sì dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò dé rárá. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń yí i, ìdajì kílò lónìí, kílò kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà wá ń sùn jìnnà sẹ́yìn òdo, mo fi aṣọ pélébé kan bo ojú gíláàsì, mo ní nítorí eruku ni, mi ò sì ń ká a kúrò àfi tí èèyàn bá ti gorí rẹ̀.

Ìyá Kàbírù rẹ́rìn-ín. "Olùkọ́ mi, ṣé ìyàwó tuntun ni sikéèlì yìí ni, tó ń daṣọ borí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, òógùn bò mí lábẹ́ ìró.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Nítorí ara mi ni mo ṣe yí i, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gùn. Èyí tí kò dín kílò kan kù rò pé òun ń dín kù. Wọ́n ń jó. Wọ́n ń gbé mi mọ́ra. Wọ́n ní ọwọ́ mi tutù. Àwọn kan tiẹ̀ ti padà sídìí búrẹ́dì, nítorí wọ́n rí i pé bí àwọn ṣe ń jẹ ẹ́ náà ni àwọn ń fúyẹ́.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn yẹn, Ìyá Kàbírù gorí rẹ̀, Ọpẹ́olúwa sì pariwo, "Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún!" Ìyá náà kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo gbìyànjú láti fà á dìde, ó kọ̀.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni wọ́n máa ṣe é fún mi. Ọlọ́run á bò yín láṣìírí, Olùkọ́ mi."

Ó gbàdúrà bò-mí-láṣìírí fún mi, kò mọ ohun tó ń bá mi bò. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Ká ní mo pè é sẹ́yìn ilé nígbà yẹn, ká ní mo sọ fún un pé, ẹ fi kílò mọ́kànlá kún un, ojú ì bá tì mí, ṣùgbọ́n òun ì bá mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù, ì bá sì máa dín kù lọ. Mo gbé e mì. Mo ní, "Àmín, mà."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, fóònù mi dún.

"Olùkọ́ mi, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ wà níbi iṣẹ́." Ìyá Kàbírù ni. "Wọ́n ti lé mi padà. Sikéèlì ọsibítù ní kílò méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni mí. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta sí i. Mo bá nọ́ọ̀sì jà, mo ní sikéèlì wọn ló ń parọ́, pé ti Olùkọ́ mi kì í parọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń bọ̀. Tí a bá wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé, màá padà lọ bá dókítà."

Mo lọ gbé òṣùwọ̀n nílé. Mo gbé e sórí ìjókòó ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Kí n tó dé Ìsíkàn, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mo mọ ọlọ́jà yìí. Kò ní gba òṣùwọ̀n kankan gbọ́ láìkọ́kọ́ fi ohun tó dá a lójú dán an wò. Bí mo bá gbé e lọ bó ṣe wà, àṣírí tú.

Ohun tó burú jù nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ni mo ti ṣe é. Mo yí kínní náà padà títí abẹ́rẹ́ fi jókòó sórí òdo gẹ́lẹ́. Mo ní: òṣùwọ̀n á sọ òtítọ́, ìyá náà á rò pé òun lòun jẹun jù.

Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kàbírù, àkọ́bí rẹ̀, gbé àpò ìrẹsì kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan tí wọn ò tíì já ẹnu rẹ̀, ó fi lé òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ dúró sórí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Ẹ ẹ̀ wá rí i?" Ìyá Kàbírù ní. "Sikéèlì wa kì í parọ́."

Ó bọ́ bàtà. Ó gorí rẹ̀. Ọpẹ́olúwa tẹ̀ ba, ó wo abẹ́rẹ́ náà, ó wo ojú mi.

"Pariwo rẹ̀," Ìyá Kàbírù ní.

"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, mà."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo gbọ́ tí ẹnu èmi Wúràọlá ń sọ pé, "Ìyá Kàbírù, kí lẹ jẹ láti Sátidé?"

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó ń fi ìka kà á. "Mo jẹ àkàrà méjì lẹ́yìn ìrun àárọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo jẹ ẹ̀kọ kan. Lánàá mo tọ́ ìrẹsì wò, àmọ́ ṣíbí kan ni. Olùkọ́ mi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́." Omijé ń ṣàn lójú ìyá náà, ó dúró sórí òṣùwọ̀n láìwọ bàtà, láàárín ọjà.

Ọpẹ́olúwa ló sọ̀rọ̀. Ọmọ ìṣirò ni. "Àkàrà méjì ò lè di kílò mọ́kànlá. Àǹtí Wúrà, òfin wa dà? Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gùn ún."

"Kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé lónìí."

"Ẹ gùn ún, mà. Ká lè mọ̀."

"Bàtà yìí ṣòro láti bọ́. Ọ́fíìsì ń dúró dè mí."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," Ìyá Kàbírù ní, ó ń fi ìborùn nu ojú. "Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi yọ wọ́n lẹ́nu."

Òun ló tún ń gbèjà mi. Ara mi kò gbà á mọ́. N ò mọ̀ bóyá ojú tì mí ni àbí àárẹ̀ irọ́ ló mú mi, mo ṣáà bọ́ bàtà. Mo gùn ún.

"Méjì," Ọpẹ́olúwa ní. Ó tún un wò. "Méjìléláàádọ́rùn-ún."

Sátidé tó kọjá, mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n pè mí. Ọmọ kékeré á lè yọ ọ́: mọ́kànlá, bíi ti Ìyá Kàbírù gẹ́lẹ́.

Ìyá Kàbírù kò pariwo. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé òṣùwọ̀n náà, ó yí i dojú dé bó ṣe máa ń yí kòǹgò rẹ̀, ó sì rí kínní náà. Ó fi àtàǹpàkò sún un síwá, ó sún un sẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà lọ́jà yìí, Wúràọlá. N ò tẹ ìdí kòǹgò rí. Ìwọ wá wọ̀n mí ní òṣùwọ̀n olè."

Wúràọlá. Ìwọ. Gbogbo èébú tí àwọn tó kù bú mi lẹ́yìn ìyẹn, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ tú ká. Kí ni mo ṣe? Mo gba Oǹdó lọ, mo lọ jẹ iyán. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń sá lọ síbẹ̀. Ọjọ́rú kan, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí Ọpẹ́olúwa pè.

"Ìfun Ìyá Kàbírù ti há. Wọ́n ń gbé e lọ sí tíátà báyìí. Mo ní kẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Òkèlè náà bọ́. Màmá bi mí kí ló dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iyán, òṣùwọ̀n, ìyá tó ń kú lọ, mo ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní, "Màmá, nígbà tí mo sanra ni mò ń ṣàìsàn. Nítorí n ò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú ni mo ṣe ń jẹ ẹ́."

Ìyá mi gbé àwo náà kúrò níwájú mi. "Ọma mi, apá mi ń dùn mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gún un ló ti ń dùn mí. Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ ẹ."

Wákàtí kan tó wà láàárín Oǹdó àti Àkúrẹ́, lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó gùn. Kàbírù ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má wọlé." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Inú yàrá abẹ yẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè kílò mọ́. Wọ́n kùn ún lóorun bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ewu tí dókítà ń sá fún. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run lóríṣiríṣi. Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì jáde, ó ní wọ́n gé díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jí.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ní ọjọ́ kẹjọ, Kàbírù ní kí n wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mi ò rántí pé obìnrin a máa kúnlẹ̀ ni. Ìyá Kàbírù wò mí nílẹ̀.

"Sikéèlì yẹn dà?"

"Ó wà nílé, mà."

"Gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. N ò ní jẹ́ kó tún sùn nílé rẹ."

Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Obìnrin mẹ́sàn-án ló padà wá. Ní gbogbo Sátidé, Ìyá Kàbírù á kọ́kọ́ gbé àpò ìrẹsì lé e, á yí ìdí rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i, á ní, "Gùn ún, Wúrà." Èmi ni mo ṣì ń kọ́kọ́ gùn ún, òun ló sì ń pariwo rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbọ́, àwọn ọlọ́kadà ń gbọ́. Méjìléláàádọ́rùn-ún. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Nígbà tó yá, mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Màmá kì í gún iyán mọ́ àfi lọ́jọ́ ọdún, a jọ ń jẹ ẹyọ kan.

Oṣù tó kọjá, mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òun náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gùn ún, ìtìjú ń mú mi, mo ní, "Ẹ má bínú, mà, kò dín."

Ìyá Kàbírù tẹ̀ ba, ó wo abẹ́rẹ́ náà dáadáa.

"Kò sì lé," ó ní.

Ó gbé kòǹgò rẹ̀ sílẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, òun nìkan ló ń pàtẹ́wọ́ fún mi láàárín ọjà.